Ta ló ti mú ọmọ lọ sí State Fair ní ìdájí rí? Ẹ wá sọ tiyín

Bàbá Àdùkẹ́ (Minnesota)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń hó nínú mi láti Sátidé, ẹ jẹ́ n tú u síta.

Ọdún kẹsàn-án mi rèé ní Minnesota, n kò dé State Fair wọn rí, ayẹyẹ ọdọọdún tí ìpínlẹ̀ fi ń ṣàfihàn ẹran ọ̀sìn àti oúnjẹ. Tó bá ti di ìparí oṣù Kẹjọ, àwọn ará ibi iṣẹ́ mi á máa ṣe bí ẹni pé Iléyá dé. Ọjọ́ 12 gbáko, títí di Labor Day, ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, wọn ò ní ọ̀rọ̀ méjì. Èmi á ní kí ni mo fẹ́ lọ wò? Màlúù? Èmi tí wọ́n bí sẹ́bàá ọjà ẹran Bódìjà?

Àdùkẹ́ ló dá a sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ọmọ ará ilé kejì sọ fún un pé màlúù ń bímọ níbẹ̀ lójú gbogbo ayé, láti ọjọ́ náà ni n kò ti sinmi. Ìyá ẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ òru lọ́sẹ̀ yẹn, aago mẹ́jọ àárọ̀ ló ń wọlé, oorun nìkan ló ń wá. Mo ní tí àwa méjèèjì bá tètè bọ́ síta, ilé á dákẹ́ fún un. Aago márùn-ún ni mo lọ jí ọmọ. Ọmọ tí mo máa ń fi omi wọ́n lójú kó tó dìde lọ sí ilé-ìwé, mo bá a lórí bẹ́ẹ̀dì tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.

A gbé mọ́tò sílẹ̀ níbi tí bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ti ń gbé èèyàn. Aago méje kọjá díẹ̀ la wọlé, ìrì ṣì wà lórí koríko. Ilé màlúù la kọ́kọ́ yà. Mo rí ọmọkùnrin kan níbẹ̀, kò lè ju ọdún 12 lọ, ó sùn fọnfọn lórí koríko gbígbẹ, ó fi ikùn màlúù ṣe ìrọ̀rí. Màlúù ọ̀hún ń jẹ àpọ̀jẹ, kò mira, àfi bí ẹni pé ó mọ̀ pé ọmọ ń sùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọmọbìnrin kan ti fi ọṣẹ wẹ màlúù tiẹ̀ tán, ó ń fi ẹ̀rọ fẹ́ irun ara ẹ̀, ó wá ń ya irun ìrù ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àdùkẹ́ wò ó títí, ó ní, “Dádì, ẹ wò ó, kò sunkún. Ẹni tó ń yà á kì í fà á.” Mo mọ ẹni tó ń bá wí.

Nígbà tí wọ́n ṣí ilé tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí ẹran, àwa la wà níwájú pátápátá. Èrè ìdájí nìyẹn, torí kó tó tó wákàtí kan, èrò ti tò sẹ́yìn wa bí ìgbà tí wọ́n ń pín ìrẹsì níbi ìgbéyàwó. Pátákò méjì ló kọ́kọ́ yọ, ó funfun, ó rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Màlúù dùbúlẹ̀, ó dìde, ó tún dùbúlẹ̀. Dókítà ẹran kan so okùn mọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì. Tí màlúù bá rọbí, á fà á. Tí kò bá rọbí, á dúró. Ó ṣe díẹ̀, ọmọ já bọ́ sílẹ̀, gbì! Ooru ń rú lára ẹ̀. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ìyá ẹ̀ yí padà, ó ń lá a lójú.

Màlúù kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì tó ti bímọ kí a tó dé, ibi ọmọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́. Àdùkẹ́ nàka sí i, ó ní kí nìyẹn. Mo ṣàlàyé. Ó ní ṣé òun náà ní. Mo ní kò sí ọmọ tí kì í ní. Ó ní, “Tèmi dà?”

Ẹnu mi wọ́hò. Nílé ìwòsàn tí a bí i sí, wọ́n na ìwé kan sí mi pé kí n buwọ́ lù ú, mo buwọ́ lù ú. N kò bèèrè nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ bàbá mi lè dìde lónìí kó fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tí wọ́n sin tèmi sí lẹ́yìnkùlé. Mo bá ra àgbàdo sísun fún ọmọ. Wọ́n rì í bọ bọ́tà látòkè délẹ̀. Iye tí mo san, ẹ má jẹ́ kí ìyá alágbàdo Ọ̀jọ́ọ̀ gbọ́.

Ó yá, tiyín ńkọ́?

Ìyá Ìbejì

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn ti kẹ̀kẹ́ ọmọ wọ ilé màlúù yẹn? Oníjókòó méjì ni tèmi.

Dúdú Dallas

Ẹ̀yin ará Minnesota, ẹ máa fi wàrà ṣeré lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rí fíà, kó wá sí Texas. Láti 1886 la ti ń ṣe tiwa, ọjọ́ 24 la sì ń fi jayé, kì í ṣe 12.

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ní Fair Park, pápá fíà wa ní Dallas, ère darandaran kan wà tí wọ́n ń pè ní Big Tex, ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 50 lọ, ó máa ń kí èèyàn pẹ̀lú ohùn bí ààrá. Ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹwàá, 2012, mo mú ọmọkùnrin mi lọ ní àárọ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà yẹn. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, èéfín ti ń jáde lọ́rùn Big Tex. Iná wọ aṣọ ẹ̀, ó jó o ráúráú, irin nìkan ló kù. Ọmọ mi ń pariwo, “Dádì, bọ̀dá yẹn ń jóná!” Odidi oṣù mẹ́ta ló fi ń dárúkọ ẹ̀ nínú àdúrà alẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé tuntun dúró ní 2013, èyí tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 55, ó ní Jésù ti jí i dìde. N kò já a nírọ́.

Kòjọ́mimọ́

1859 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti Minnesota, ẹ̀gbọ́n. Ẹ lọ ka ìwé.

Ẹ̀ẹ̀kejì, gbogbo ará Dallas tí mo mọ̀ pátá ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ère yẹn jóná. Pápá yẹn mà tóbi o.

Dúdú Dallas

Ó dáa, orí ìlà corny dog, sọ́séèjì orí igi, ni mo wà. Èmi rí èéfín. Ọmọ ló rí iná.

Kòjọ́mimọ́

Ọmọ ọdún mẹ́rin rí iná, bàbá ẹ̀ ń wo sọ́séèjì. Ó ti yé wa.

Abẹ́ní Òkè-Àdó

Ẹ fi Big Tex sílẹ̀ jàre. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ yẹn bi bàbá ẹ̀ ti gún mi lọ́kàn. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí sí Maryland, n kò mọ ibi tí wọ́n gbé ibi ìkankan nínú wọn sí. Tí wọ́n bá bi mí léèrè ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Rónkẹ́

Mo ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù aláboyún, ẹ jẹ́ n là yín lóye. Tí ẹ kò bá bèèrè, àpò ìdọ̀tí ilé ìwòsàn ló ń lọ, wọ́n á sì sun ún níná. Àmọ́ ẹ lè bèèrè. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí ni kí ẹ ti sọ fún wọn o, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n ti gbé e lọ. Texas tiẹ̀ ṣòfin ẹ̀ ní 2015 pé ìyá ọmọ lè gbé e lọ sílé, kó ṣáà ti buwọ́ lùwé, kí àyẹ̀wò sì fi hàn pé kò ní àrùn kan báyìí.

Dúdú Dallas

TEXAS WA! Kí ni mo wí?

Ìyá Ìbejì

Èmi bèèrè. Wọ́n kó méjèèjì fún mi nínú ike, bí ike áísìkiriìmù. A dé ilé, ilẹ̀ ti dì bí òkúta torí oṣù Kìíní ni, a bá kó o sínú fírísà títí yìnyín á fi yọ́. Ọkọ mi dé láti ibi iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, ebi ń pa á, ó ń wá ẹran ewúrẹ́...

Kòjọ́mimọ́

Ẹ dákun, ẹ má parí ìtàn yẹn.

Ìyá Ìbejì

Kò sè é! Ó kàn gbé e sínú omi gbígbóná pé kó yọ́ ni. Mo ké, gbogbo ilé mì. Nígbà tí oṣù Karùn-ún dé, a sin wọ́n sábẹ́ igi ápù lẹ́yìn ilé. Ilé rẹ́ǹtì ni ṣá. A kó kúrò níbẹ̀ ní 2019. Títí di òní, mo ṣì máa ń yí mọ́tò gba àdúgbò yẹn kọjá tí n kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀. Onílé tuntun ti gé igi náà.

Abẹ́ní Òkè-Àdó

Ó gé e!

Ọmọ Olúwa

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣọ́ra. Àwọn nǹkan ìbọ̀rìṣà tí Ọlọ́run ti yọ wá kúrò nínú ẹ̀ lẹ tún ń gbé padà yìí.

Abẹ́ní Òkè-Àdó

Ìbọ̀rìṣà níbo? Bàbá mi àgbà tó jẹ́ kátíkíìsì ló gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sin tèmi sí. Ká jù ú sí ààtàn ni ẹ̀sìn?

Ọmọ Olúwa

Mo ti sọ tèmi.

Alhaja Ṣìfáwù

Ẹ má bára yín jà. Lọ́dọ̀ àwa náà, a ń sin ín, kò sì dí kírun lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n pa yín lẹ́rìn-ín.

Mo lọ kí àwọn ọmọ mi ní Minnesota, ọmọ ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, òun àti ìyá ẹ̀ mú mi lọ sí fíà yìí kan náà ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Wọ́n ní kí oòrùn má baà pa Màámà. A dé ilé àgùntàn. Àgùntàn tó wọ aṣọ! Aṣọ tó fún mọ́ wọn lára látọrùn dé ìdí, wọ́n ní kí ara wọn má baà dọ̀tí kí wọ́n tó dé iwájú adájọ́. Àgbò kan wà níbẹ̀, ẹ̀yin èèyàn, àyà ẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin kékeré kan ló mú un dání, kò lè ju ọdún mẹ́wàá lọ. Èmi kàn ní kí ọmọ mi bá mi bèèrè iye tí wọ́n ń tà á. Ọmọ ọmọ mi ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa. Ó ní ìyá ìyá òun fẹ́ rà á fún Iléyá. Ọmọbìnrin náà ní kí ni Iléyá. Onítèmi bá fi ìka fa ọ̀fun ara ẹ̀, ṣẹ́ẹ̀ẹ̀ẹ́!

Ọmọ ọlọ́mọ figbe ta. Ó dì mọ́ àgbò. Bàbá ẹ̀ sáré jáde. Ìtìjú ńlá! Ọmọ mi ń bẹ̀ wọ́n, ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má pe ọlọ́pàá. A ra áísìkiriìmù fún ọmọ yẹn, ó gbà á, àmọ́ kò yé wò mí títí tí a fi jáde.

Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, àgbò yẹn tó àgbò.

Kòjọ́mimọ́

Ṣẹ́ẹ̀ẹ̀ẹ́! Mo ń rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ ojú irin, àwọn èèyàn ti ń wò mí.

Alhaja Ṣìfáwù

Bàbá Àdùkẹ́, sọ́séèjì orí igi yẹn, èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun bò tí wọ́n dín, ṣé kò sí ẹlẹ́dẹ̀ nínú ẹ̀? Ọmọ yẹn jẹ méjì kí n tó rí i.

Bàbá Àdùkẹ́ (Minnesota)

Màámi, Ọlọ́run á forí jì í, ọmọdé ni. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ jẹ àgbàdo.

Tíṣà Gbénró

Ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu ba èyí tó kàn wá jù nínú ọ̀rọ̀ fíà Minnesota. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹsàn-án, 1901, Theodore Roosevelt, igbákejì Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, dúró níbẹ̀, ó ní kí èèyàn máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ṣùgbọ́n kó mú kùmọ̀ ńlá dání. Ní ọjọ́ 6, oṣù kan náà, ni wọ́n yìnbọn fún Ààrẹ McKinley, kí oṣù náà tó dé ìdajì Roosevelt ti di Ààrẹ. Ibi tí mo ń lọ rèé: ọdún kan ṣáájú, nínú lẹ́tà kan, òun fúnra ẹ̀ kọ ọ́ pé òwe ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni.

Ọmọ Èkó Àtijọ́

Òwe wa wo? Tíṣà, mo ti lé ní ọdún 50, n kò gbọ́ ọ rí.

Abẹ́ní Òkè-Àdó

Ó jọ “pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo.”

Ọmọ Èkó Àtijọ́

Kò jọ ọ́. Ìyẹn ń bá ẹni tí wọ́n ń kí wí. Èyí ń bá oníkùmọ̀ wí.

Kòjọ́mimọ́

Àwọn Ìjẹ̀bú ló ni ín. Ẹ̀rín lẹ́nu, kùmọ̀ lábẹ́ agbádá.

Abẹ́ní Òkè-Àdó

Ìyá mi ni ọmọ Ìjẹ̀bú. Ẹ má dán an wò.

Tíṣà Gbénró

Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tóbi. Ó lè jẹ́ ti Akan, ó lè jẹ́ ti Mẹ́ńdé, ó sì lè jẹ́ pé ọkùnrin náà kàn fẹ́ fi dá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ́lá ni. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kí òwe òun gbó ló ń sọ pé àgbà Áfíríkà ló pa á.

Ọmọ Èkó Àtijọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ fíà bí ẹni pé Amẹ́ríkà ló bí i. Bàbá mi mú mi lọ sí tréédì fíà ti Èkó ní 1977, ọdún FESTAC kan náà, ní ọ̀nà Badagry. A kúrò ní Súrùlérè kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Bàbá mi gbé mi sí èjìká, mo ń wo àsíá orílẹ̀-èdè lóríṣiríṣi. Ó ra ike ìmumi kan fún mi, ó láwọ̀ ewé. Mo ṣì ní i, ó ti sán.

Kòjọ́mimọ́

Ìyẹn kì í ṣe irú ẹ̀. Tréédì fíà, ọjà ni. Kò sí màlúù níbẹ̀.

Ọmọ Èkó Àtijọ́

Màlúù wà. Orí igi sùyà ló wà.

Ẹ̀gbọ́n Bọ́lá (Dallas)

Àbúrò Dúdú, mo gbọ́ bí o ṣe ń fi Fair Park yangàn. Mi ò ní kí o má yangàn, èmi náà ń mú àwọn ọmọ ọmọ mi lọ. Àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú níbẹ̀. Ní 1955, àwọn ọ̀dọ́ NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, tí Juanita Craft ń darí, gbé pátákó ìfẹ̀hónúhàn dúró lẹ́nu ọ̀nà pé àwọn ò gbà. Mo sọ èyí fún ọmọ ọmọ mi nígbà tí a wà lórí ìlà. Ó ní, “Nítorí náà ni Màámà ṣe ń tètè dé?” N kò mọ bí ó ṣe so ó pọ̀, àmọ́ mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Dúdú Dallas

Ẹ ṣé mà. N kò mọ ìyẹn.

Abẹ́ní Òkè-Àdó

Bàbá Àdùkẹ́, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń fi bọ́tà gbẹ́ orí èèyàn níbẹ̀?

Bàbá Àdùkẹ́ (Minnesota)

Òótọ́ ni. Láti 1965. Odidi bọ́tà tó wúwo tó 90 pọ́n-ùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò sìmẹ́ǹtì. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń gbẹ́ á jókòó nínú yàrá gíláàsì tó tutù bíi fìríìjì, á wọ kóòtù nínú oṣù Kẹjọ, yàrá náà á máa yí lọ díẹ̀díẹ̀ kí gbogbo èrò lè rí i. Tó bá parí, òun ló ń gbé orí náà lọ sílé.

Kòjọ́mimọ́

Kí ìyá mi wá gé etí mi fi din ẹyin?

Bàbá Àdùkẹ́ (Minnesota)

Mo padà dé. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa ibi fún ìyá Àdùkẹ́ lánàá nígbà tó jí. Ó wò mí lójú, ó ní, “Ta ló sọ fún ẹ pé kò sí nǹkan ọmọ yẹn nílé?”

Ibi ti bá ilé ìwòsàn lọ, ìyẹn ti bọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwọ́ ọmọ já ní ọjọ́ kẹjọ, ìyá ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ó wá tọ́jú ọmọ. Ó wé ìwọ́ náà sínú áńkáṣífù, ó fi sínú agolo Milo, ó gbé e lọ sí Ìṣẹ́yìn nínú ìkéèsì, láàárín àwọn aṣọ tí a rà fún un. Ó sin ín sídìí igi ọsàn tuntun kan tó gbìn lẹ́yìn ilé. Ọdún mẹ́fà, kò sẹ́ni tó sọ fún mi! Wọ́n ní mo máa ń sọ̀rọ̀ jù.

A pè wọ́n lórí fídíò. Màámi tan fóònù sí igi, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ilẹ̀ la kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà adìẹ, lẹ́yìn náà igi. Ó ti ga jù wọ́n lọ. Àdùkẹ́ sún mọ́ fóònù títí imú ẹ̀ fi kàn án. Ó ní, “Grandma, kí ló dé tí ẹ so ewúrẹ́ mọ́ mi?”

Nọ́ọ̀sì Rónkẹ́

Mọ́ mi! Yéè.

Alhaja Ṣìfáwù

Ẹ ní kí wọ́n tú ewúrẹ́ náà kíá. Ó ń jẹ èèpo igi.

Bàbá Àdùkẹ́ (Minnesota)

Wọ́n ti tú u, Màámi. Àdùkẹ́ dúró lórí fóònù títí tí wọ́n fi mú un kúrò.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọ o.